Ẹ Bèèrè, Ẹ Gbọ́ Èsì: "Lẹ́kíṣọ́rà wa ò fún wa ní nóòtì mọ́, gààrì ló gbé wá sí kíláàsì"

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ o, ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń da ọ̀pọ̀ yín láàmú, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì báyìí, tí lẹ́kíṣọ́rà á gbé ìṣòro kan síwájú wọn kó tó kọ́ wọn ní ohunkóhun. Mẹ́rin ni mo mú nínú àwọn lẹ́tà yẹn. Mo gé wọn kúrú díẹ̀, mo sì yọ orúkọ kúrò, torí ẹlòmíì ò ní fẹ́ kí HOD rẹ̀, ìyẹn olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀, mọ̀ pé òun ló kọ̀wé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mummy. 300 level ni mo wà, Biochemistry ni mò ń kà, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí náà ni. Lẹ́kíṣọ́rà kan ló gba kọ́ọ̀sì kan lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ wa tẹ́lẹ̀, látìgbà tó sì ti dé kò fún wa ní hándàótì, kò pe nóòtì fún wa kọ. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọlé, gààrì mẹ́ta ló gbé wá nínú ọ̀rá, ó ní ẹ̀gẹ́ oko kan náà ni wọ́n fi ṣe wọ́n, pé èyí àkọ́kọ́, wọn ò jẹ́ kó sùn rárá, bí wọ́n ṣe rin ín tí wọ́n fún un ni wọ́n yan án, èkejì sùn mọ́jú, ìkẹta lo ọjọ́ mẹ́rin nínú àpò. Ó ní ká sọ èyí tá a máa fún àbúrò wa jẹ àti ìdí tá a fi mú un, ó pín wa sí méje méje, ló bá tán. Mà, a ò tíì kọ́ nǹkan kan o! Tá a bá bi í ní ìbéèrè, ìbéèrè míì ló máa fi dá wa lóhùn. Àwọn kan nínú wa ní kò mọ̀ ọ́n kọ́ ni, àwọn kan ní ọ̀lẹ ni. Ẹ̀sáàmù ò ní pẹ́ dé, First Class ni mo sì ń lé. Ṣé ká lọ fẹjọ́ ẹ̀ sun HOD ni? (Ẹni tọ́rọ̀ sú, Under G)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, fara balẹ̀ ná, má tíì lọ bá HOD kankan.

Kì í ṣe lẹ́kíṣọ́rà yín ló dá ọ̀nà yìí sílẹ̀, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti ń lò ó. Ní 1969, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn McMaster ní ìlú Hamilton lórílẹ̀-èdè Kánádà gba sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ wọlé, wọ́n sì yí bí wọ́n ṣe ń kọ́ dókítà padà pátápátá. Wọn ò kó àwọn ọmọ jọ kí wọ́n máa fi ọdún gbáko ka egungun àti ẹ̀jẹ̀ àti iṣan sí wọn létí, ọ̀rọ̀ aláìsàn ni wọ́n kọ́kọ́ gbé síwájú wọn: ẹni báyìí rèé, ohun tó ń ṣe é rèé, kí lẹ rò pé ó fà á, kí lẹ sì gbọ́dọ̀ lọ kà kẹ́ ẹ tó lè lanu sọ̀rọ̀? Wọ́n á jókòó ní gúrúùpù kékeré, ohun tí wọn ò bá mọ̀ ni wọ́n á pín láàárín ara wọn lọ wá, wọ́n á padà wá sọ ọ́. Kó tó di 1980, Maastricht ní Netherlands ti gbà á, Newcastle ní Ọsirélíà náà ti gbà á, nígbà tó di 1985 Harvard gan-an bẹ̀rẹ̀ tiwọn fún àwọn tó ń kọ́ ìṣègùn. Ibẹ̀ ló gbà tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ́ físíìsì, kẹ́mísìrì àti báyọ́lọ́jì. Ká má sì máa wo òkèèrè nìkan jàre, Ìlọrin tó wà lẹ́yìnkùlé wa níbí, láti àwọn ọdún 1970 ni ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn yunifásítì wọn ti ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní COBES, tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ lọ máa gbé láàárín àwọn ará ìlú kéékèèké kí wọ́n lọ fojú ara wọn rí ohun tó ń ṣe àwọn èèyàn níbẹ̀. Ọ̀nà tiwọn yàtọ̀ díẹ̀ sí ti Kánádà, àmọ́ èrò kan náà ló wà nídìí ẹ̀.

Ó dáa, ká wá bọ́ sórí gààrì yín, torí ìbéèrè tí ọkùnrin yẹn bi yín, ó jinlẹ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Ẹ̀gẹ́ ní nǹkan kan nínú tó ń jẹ́ linamarin. Cyanide, májèlé, wà nínú ẹ̀, àmọ́ ó so mọ́ ṣúgà, kò lè jáde fúnra ẹ̀. Ẹ́ńsáìmù tó máa tú u sílẹ̀, linamarase, inú ẹ̀gẹ́ yẹn náà ló wà, ilé kan náà ni wọ́n ń gbé àmọ́ yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ìgbà tí wọ́n bá rin ẹ̀gẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì fọ́ ni àwọn méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé. Ẹ́ńsáìmù á gé linamarin, acetone cyanohydrin á jáde, ìyẹn náà á tún fọ́, hydrogen cyanide á bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Ká ní nóòtì ni wọ́n fún yín ni, ibí yìí ni ẹ ò bá dúró sí, ẹ ò bá há a sórí, ẹ ò bá lọ tú u sórí ìwé ẹ̀sáàmù, ó parí.

Àmọ́ gààrì mẹ́ta yẹn ò jẹ́ kẹ́ ẹ lè dúró síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ohun tí gúrúùpù yín kọ́kọ́ sọ ni pé ọlọ́jọ́ mẹ́rin ló dáa jù, torí ohun tí gbogbo ìyá wa ń sọ nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: tí ẹ̀gẹ́ bá ń sùn nínú àpò, ó ń kan ni, tó bá sì ti kan dáadáa, acetone cyanohydrin yẹn kì í tètè fọ́ mọ́, torí ibi tí ásíìdì ò ti pọ̀ ló ti máa ń fọ́ wẹ́rẹ́. Ṣé kíkan ló wá ń lé májèlé jáde àbí òun ló ń dá a dúró? Kí wá ni iṣẹ́ agbada gbígbóná? Hydrogen cyanide ń hó ní nǹkan bíi 26°C, òórùn ọ̀sán Ògbómọ̀ṣọ́ lásán jù ú lọ, ká má tíì wá sọ ti iná lábẹ́ agbada. Fífún tí wọ́n fún un ńkọ́, omi tó ṣàn jáde yẹn, kí ló kó lọ? Ẹ wá rí i pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní "ọjọ́ mélòó," ó ti di pé nínú rírin, fífún, sísùn àti yíyan, èwo ló ń ṣe kí ni? Ìbéèrè yẹn, kò sẹ́ni tó máa bi ara ẹ̀ tó bá jẹ́ pé hándàótì ló wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Mo tún fẹ́ kí n fi ibì kan hàn ẹ́. Ká ní ẹ fẹ́ wọn cyanide yẹn, ọ̀nà kan wà tí ò gbówó lórí. Bébà tí wọ́n rẹ sínú kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ picrate, àwọ̀ ìyeyè ló máa ń ní, wọ́n á fi í kọ́ sókè nínú ìgò kékeré tí wọ́n rọ gààrì àti omi díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀, wọ́n á dé e pa di ọjọ́ kejì. Tí cyanide bá ń jáde, bébà yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe máa pọ́n tó, títí á fi dà bí àwọ̀ bíríkì. (Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń bójú tó láàbù bá yín pò ó o, picric acid tó bá gbẹ lè bú gbàmù, kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń gbé lọ sí hostel.) Ó dáa, ẹ ṣe é, ọjọ́ kejì bébà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò yí padà. Ẹ pariwo, ẹ ní gààrì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò léwu. Àfi kí ẹnì kan nínú yín tó máa ń dákẹ́ jẹ́ẹ́ wá ní: ẹ́ńsáìmù tó ń tú linamarin sílẹ̀ yẹn, ṣé ó ṣì wà láàyè lẹ́yìn tí gààrì kúrò nínú agbada? Kò sí láàyè. Iná ti pa á. Linamarin lè ṣì wà níbẹ̀ kó má lè jáde, bébà ò sì ní mọ̀. Ẹ máa ní láti fi ẹ́ńsáìmù tuntun sí i. Ibo lẹ ti fẹ́ rí i? Nínú ẹ̀gẹ́ tútù. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ tútù náà ní cyanide tiẹ̀! Nítorí náà ẹ máa nílò ìgò kẹrin tí kò ní gààrì rárá, ẹ̀gẹ́ tútù yẹn nìkan, kẹ́ ẹ lè mọ èyí tó jẹ́ ti gààrì àti èyí tí kì í ṣe tiẹ̀.

Ìgò kẹrin yẹn ni mò ń tọ́ka sí. Àwọn èèyàn máa ń rò pé làákàyè tó ń dá nǹkan tuntun sílẹ̀, ti àwọn olórin àti ayàwòrán ni. Ọmọ tó bá ronú kan ìgò kẹrin láìjẹ́ pé ẹnì kan sọ fún un, iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yẹn.

Ẹ má sì rò pé eré ni. Ìlànà oúnjẹ Codex, tí àjọ oúnjẹ àti àjọ ìlera àgbáyé gbé kalẹ̀, sọ pé cyanide inú gààrì ò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 2 nínú kílò kan lọ, tí ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ jẹ́ 10. (Ẹ̀yin sì rèé ní ìlú tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan, ọ̀rọ̀ láfún ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní í kàn yín.) Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ní Ìbàdàn ń rí àwọn èèyàn láti agbègbè Ìjẹ̀bú tí ẹsẹ̀ wọn ń kú tipiri, tí wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tí wọ́n bá ń rìn, tí ojú wọn ò ríran dáadáa, etí òmíì náà ò gbọ́ mọ́. Ohun tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́ ló tọ̀ lọ, ó sì so ó pọ̀ mọ́ ẹ̀gẹ́ tí wọn ò ṣe dáadáa. Àwọn mìíràn ti bá a jiyàn lórí ẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, àmọ́ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni kó o wò, ọ̀dọ̀ èèyàn tí nǹkan ń ṣe ni, kì í ṣe orí kìíní ìwé.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ. Mi ò mọ lẹ́kíṣọ́rà yín, mi ò ní bá a gbè lójú afọ́jú. Ọ̀nà yìí rọrùn fún ọ̀lẹ láti sá pa mọ́ sí, òótọ́ nìyẹn. Ní 2006 àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Kirschner, Sweller àti Clark, kọ̀wé gbọọrọ kan tí wọ́n fi sọ pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nǹkan, tí wọ́n bá kàn tú u sílẹ̀ kó lọ wá ọ̀nà fúnra ẹ̀, orí ẹ̀ á kún fún ìdààmú, kò sì ní kọ́ nǹkan gidi. Mo gbà wọ́n gbọ́ lórí ìyẹn. Ìṣòro tí wọ́n gbé sílẹ̀ tí olùkọ́ wá jókòó síwájú tó ń tẹ fóònù, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀kọ́, wọ́n pa yín tì ni. Ohun tó o máa wò rèé: ṣé ó ń rìn káàkiri láàárín gúrúùpù? Ìbéèrè tó fi ń dá yín lóhùn, ṣé ó ń sún yín síbì kan, àbí ó kàn ń yí yín lórí? Tí gbogbo yín bá ti ṣìnà pátápátá, ṣé ó máa ń dá yín dúró kó ṣàlàyé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá? Tí iṣẹ́ bá parí, ṣé ó máa ń kó o jọ kó sọ ohun tó tọ́ àti ohun tí ò tọ́? Tó bá ń ṣe àwọn nǹkan yìí, iṣẹ́ tó ń ṣe ju ti ẹni tó ń ka nóòtì ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn lọ fíìfíì. Tí ò bá ṣe é, kí course rep yín lọ bá òun fúnra ẹ̀ kọ́kọ́, ojú lọ̀rọ̀ wà, HOD ò lọ ibì kan.

Ohun kan tún kù tí mo fẹ́ kó o mọ̀ torí First Class tó ò ń lé yẹn. Ní Harvard, wọ́n ṣe ìwádìí kan ní kíláàsì físíìsì, ó jáde ní 2019. Wọ́n mú àwọn ọmọ kan náà, wọ́n fi lẹ́kíṣọ̀ tó dùn létí kọ́ wọn ní nǹkan kan, wọ́n jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ lórí nǹkan míì. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n léèrè, wọ́n ní ibi lẹ́kíṣọ̀ làwọn ti kọ́ nǹkan jù, nígbà tí wọ́n dán wọn wò, ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ fúnra wọn ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n jù! Ìdààmú tó ń bá ẹ yẹn, tó ń ṣe ẹ́ bíi pé o ò mọ nǹkan kan, kì í ṣe ẹ̀rí pé o ò kọ́ nǹkan. Ní 2014 náà, àwọn kan kó ìwádìí 225 jọ lórí bí wọ́n ṣe ń kọ́ sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣirò ní yunifásítì, wọ́n rí i pé àwọn tó ń jókòó gbọ́ lẹ́kíṣọ̀ nìkan ń fi nǹkan bí ìlọ́po kan ààbọ̀ fél ju àwọn tí wọ́n ń mú ṣiṣẹ́ ní kíláàsì lọ.

Nítorí náà má dúró dé nóòtì. Ra ìwé kékeré kan, kọ ohun tí gúrúùpù yín ti mọ̀ sápá kan, ohun tẹ́ ẹ̀ ń méfò sápá kan, ohun tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ lọ wá pẹ̀lú orúkọ ẹni tó máa wá a, textbook yín sì wà ní láíbìrì, wọn ò tíì fòfin dè é. Tí wọ́n bá gbé ìbéèrè linamarin wá lọ́jọ́ ẹ̀sáàmù, ọwọ́ ẹ ni pẹ́ẹ̀nì máa kọ́kọ́ ti sáré.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, ìyá wa. Ìrù ni mò ń ṣe tí mò ń tà, àdúgbò Arówómọlẹ̀ ni ilé mi. Ọmọ mi obìnrin wà ní yunifásítì, ó ń kọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí. Ó mú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ mẹ́rin wá sílé lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ń bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń fi ewé bo ìrù, kí ló dé tó fi ń gbóná, kí ló dé tí mo fi ń fi káún sí ìrù pẹ̀tẹ̀. Wọ́n ní ìṣòro tí lẹ́kíṣọ́rà fún wọn ni pé kí wọ́n wá bí ìrù á ṣe pẹ́ nílẹ̀ láìbàjẹ́. Ṣé owó tí mò ń kó fún wọn níléèwé, kí wọ́n lè padà wá bi mí ní ohun tí mo mọ̀ ni? Ẹ̀rù tún ń bà mí pé wọ́n á gbé ọgbọ́n iṣẹ́ mi lọ ṣe owó.

ÌDÁHÙN: Ìyá mi, ẹ kú ọrọ̀ ajé, ọjà á máa tà o. Owó yín ò ṣòfò rárá, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀ fún yín.

Ẹ̀yin mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá se igbá dáadáa, tẹ́ ẹ bó o, tẹ́ ẹ tún un sè, tẹ́ ẹ fi ewé bò ó kó máa gbóná, ọjọ́ kẹta ìrù ti dé. Ohun tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn lábẹ́ ewé, kòkòrò àìfojúrí kan ni, Bacillus subtilis lorúkọ ẹ̀, òun ló ń jẹ púrótéènì inú igbá, bó ṣe ń jẹ ẹ́ ló ń gbóná, òun náà ló ń fa òórùn tó máa ń ta síni nímú yẹn. Sísè kì í pa á tán torí ó ní èépá líle tó máa ń wọ̀ tí nǹkan bá le fún un, àwọn yòókù ti kú, òun á jí dìde. Ìbátan ẹ̀ gan-an ni àwọn ará Japan fi ń ṣe ẹ̀wà sóyà wọn tí wọ́n ń pè ní nattō, wọ́n ti ń kó o sínú ike tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì tipẹ́. Ṣé ẹ rí i, ohun tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ọwọ́ ni ọmọ yín ń wá ìdí ẹ̀, tó bá rí ìdí ẹ̀ ló tó lè mọ ohun tó ṣeé yí padà àti èyí tí ò ṣeé yí padà. Ká ní inú ìwé nìkan ló ti kà á, kò ní mọ̀ pé ìrù pẹ̀tẹ̀ àti ìrù wooro ò bàjẹ́ bákan náà, ẹ̀yin lẹ lè sọ ìyẹn fún un. Mo sì fẹ́ kí ẹ sọ ọ́.

Ti ọgbọ́n iṣẹ́ yín, ẹ̀rù yẹn ò burú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ẹ̀. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé orúkọ yín gbọ́dọ̀ wà nínú iṣẹ́ tí wọ́n máa kọ, pé ẹ̀yin lẹ fún wọn ní ìmọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi tí wọ́n bá ti mọ ẹ̀tọ́ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ní nǹkan kan tó jẹ́ ti yín nìkan tẹ́ ò fẹ́ kó jáde síta, ẹ kàn má sọ ọ́. Kí wọ́n sì ra ìrù tí wọ́n bá fẹ́ lò, kí wọ́n má gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́!

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàsán mà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́kíṣọ́rà ni, físíìsì 100 level ni wọ́n gbé fún mi, àwọn ọmọ yẹn ju igba lọ nínú gbọ̀ngán kan ṣoṣo, iná ò sí, máíkì ò ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ máa fi ìṣòro kọ́ wọn àmọ́ àwọn àgbà ní department ní àṣà òyìnbó ni, pé kí n yára parí sìílábọ́ọ̀sì. Tí mo bá tún pín wọn sí gúrúùpù, ẹni méjì á ṣiṣẹ́, àwọn yòókù á kọ orúkọ. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ẹ kú ìfaradà. Má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun ńlá. McMaster ní olùtọ́nà kan fún gúrúùpù kékeré kọ̀ọ̀kan, ìwọ nìkan lo wà fún igba, ẹ ò dọ́gba, ẹnikẹ́ni tó bá ní kó o ṣe é bí tiwọn ò fẹ́ràn ẹ.

Eric Mazur tó ń kọ́ físíìsì ní Harvard bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kan ní 1991 tó wọ gbọ̀ngán ńlá dáadáa. Béèrè ìbéèrè kan tó ní ìdáhùn mẹ́ta, kí kálukú dá mú tiẹ̀, kí wọ́n kọjú sí ẹni tó jókòó tì wọ́n, kí wọ́n jiyàn, lẹ́yìn náà kí wọ́n tún mú. Kò gba iná, kò gba dátà, ní kí wọ́n fi ìka kan, méjì tàbí mẹ́ta hàn níwájú àyà kí ẹnikejì má bàa wò ó. Bíi ìbéèrè yìí: omi inú ìkòkò amọ̀ tutù ju èyí tó wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì rọ́bà lọ nínú yàrá kan náà, kí ló fà á? Ọ̀kan, amọ̀ máa ń tutù nípilẹ̀. Méjì, amọ̀ ń dí ooru ìta lọ́nà. Mẹ́ta, omi ń jò gba ara ìkòkò jáde, ó ń gbẹ, ó sì ń mú ooru lọ. Mo lè bá ẹ ta tẹ́tẹ́ pé ọ̀pọ̀ á mú ọ̀kan tàbí méjì. Jẹ́ kí wọ́n jà á sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, má tíì sọ ìdáhùn, wá bi wọ́n pé ìgbà ọyẹ́ àti ìgbà òjò, ìgbà wo ni ìkòkò yẹn ń mú omi tutù jù? Ẹni tó ti ń mú ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ sí í gé ètè jẹ, torí amọ̀ ò yí padà nígbà òjò, afẹ́fẹ́ ló yí padà. Ìgbà yẹn lo wá tó kọ latent heat sí bọ́ọ̀dù, pé kílò omi kan tó bá gbẹ á mú nǹkan bíi 2,400 kilojoule lọ, wọ́n á gbọ́ ẹ nígbà yẹn, wàá rí i.

Ti àwọn àgbà, má bá wọn jà. Ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, gbé jáde, CCMAS tó bẹ̀rẹ̀ ní 2023, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti ọ̀dọ̀ NUC wá, ìdá 30 ni yunifásítì kọ̀ọ̀kan máa fi tiẹ̀ kún. Tí department yín bá tún jókòó lórí 30 yẹn, ibẹ̀ ni kó o ti dá a lábàá. Kó tó dìgbà náà, mú topic méjì péré nínú sẹ̀mẹ́sítà, kọ́ ìyókù bó o ṣe ń kọ́ ọ.

Àwọn tó ń kọ orúkọ lásán ńkọ́? Sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ sọ iṣẹ́ wọn, ìwọ lo máa fọwọ́ tọ́ka sí ẹni tó máa dìde, kì í ṣe wọn, máàkì tó bá gbà ni gbogbo gúrúùpù máa gbà. Kò ní pẹ́ tí àwọn fúnra wọn á fi bẹ̀rẹ̀ sí í fa etí ara wọn. Kí tẹ́sì tí kálukú máa dá ṣe wà lẹ́yìn ẹ̀ kí ọmọ tó ṣiṣẹ́ má bàa jìyà ọ̀lẹ. Ní yunifásítì Delaware ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ tó ti yege nínú kọ́ọ̀sì yẹn ni wọ́n máa ń pè padà wá bá wọn tọ́jú gúrúùpù, ìwọ náà wá mẹ́rin tàbí márùn-ún ní 200 level, á dùn mọ́ wọn, ó dáa fún CV wọn náà.

ÌBÉÈRÈ: Mummy, Ọ̀yọ́ ni mo ti ń kọ̀wé, olùkọ́ ni mí. Ṣé èèyàn lè kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń ronú kan nǹkan tuntun, àbí wọ́n ń bí i mọ́ èèyàn ni? Tí mo bá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kó èrò jọ, ohùn ẹnì kan tàbí méjì ni mò ń gbọ́.

ÌDÁHÙN: Ọ̀gá olùkọ́, ti bíbí mọ́ni, wọ́n ti ń jà á láti ìgbà tí J. P. Guilford, onímọ̀ nípa èrò ọkàn, ti dìde lọ́dún 1950 ní Amẹ́ríkà, tó sọ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ò ka ọ̀rọ̀ yìí sí tó. Èyí tó wúlò fún yín ni ti ohùn ẹnì kan yẹn. Ní 1958, wọ́n ṣe àyẹ̀wò kan ní Yale, wọ́n fi àwọn tó jókòó pọ̀ tí wọ́n ń pariwo èrò síta wé iye èèyàn kan náà tí kálukú wọn dá jókòó tí wọ́n wá kó tiwọn jọ nígbà tó yá. Àwọn tó dá ṣe é ló mú èrò tó pọ̀ jù wá. Ìdí ẹ̀ ò le: tí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù ń dúró, wọ́n sì ń bẹ̀rù kí wọ́n má fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ẹ dán an wò pẹ̀lú igbá, ẹ̀yin náà wà ní ìlú afíngbá. Ẹ fún kálukú ní bébà, ẹ ní kó kọ gbogbo ohun tí èèyàn lè fi igbá ṣe fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ kọ, oúnjẹ àti omi àti ọnà ara igbá ni, ẹ má ka ìyẹn sí. Láti ìṣẹ́jú kẹta lọ ni ẹ máa rí ẹni tó fi ṣe àṣíborí, ẹni tó fi wọn òjò, ẹni tó fi í gbé ohùn jáde. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọn jọ ní gúrúùpù kí wọ́n yan èyí tó ṣeé dán wò nínú láàbù, kí wọ́n sì sọ bí wọ́n ṣe máa mọ̀ tó bá ṣiṣẹ́ àti tí ò bá ṣiṣẹ́. Ọmọ tí ẹ ò gbọ́ ohùn ẹ̀ rí yẹn, bébà tiẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ̀wé nípa SIWES, ìyẹn iṣẹ́ ìdánrawò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àti ibi tí wọn ò ti gbà yín, mo ti rí i, oṣù tó ń bọ̀ ni mo máa mú tiyín.